Wọ́n mú ọmọ iṣẹ́ wa nítorí ìwọ́de ebi: kí ni ẹgbẹ́ lè ṣe?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, agbẹjọ́rò wa. Èmi ni alága ẹgbẹ́ aránṣọ ní àdúgbò wa. Nígbà ìwọ́de ebi oṣù Kẹjọ ọdún 2024, àwọn ọlọ́pàá kó ọmọkùnrin mẹ́rin lọ́dọ̀ wa. Ọmọ iṣẹ́ àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wa ni méjì nínú wọn. Wọ́n gbé wọn lọ sí májísíréètì, wọ́n ní wọ́n péjọ lọ́nà tí kò bófin mu, pé wọ́n sì dá ìlú rú. Mẹ́ta ti gba béèlì. Ẹnì kẹrin ṣì wà lọ́gbà ẹ̀wọ̀n nítorí kò rí onídùúró méjì tó nílé. Ẹ̀ẹ̀marùn-ún ni wọ́n ti sún ẹjọ́ síwájú. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ó lé ní ogójì wa tó kún kóòtù. Lọ́jọ́ tó kọjá yìí, èmi, ìyá ọmọ kan àti pásítọ̀ wọn nìkan ló kù. Àwọn àgbà ẹgbẹ́ ní ká yọwọ́, pé tí a bá ń lọ, wọ́n máa kó àwa náà mọ́ wọn. Ṣé òótọ́ ni? Báwo la ṣe lè dúró tì wọ́n láìkó sí wàhálà?

Ìdáhùn: Màmá alága, ẹ kú làálàá, ẹ kú ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ dáhùn èyí tí kò jẹ́ kẹ́ ẹ sùn. Rárá o, kò sẹ́ni tó lẹ́tọ̀ọ́ láti kó yín nítorí pé ẹ jókòó ní kóòtù. Abala 36 ìwé òfin ilẹ̀ wa ti 1999 ló sọ pé gbangba ni kí wọ́n ti máa gbọ́ ẹjọ́. Bẹ́ǹṣì tó wà lẹ́yìn àwọn lọ́yà yẹn, ti ará ìlú ni. Abala 40 sì fún yín lẹ́tọ̀ọ́ láti kóra jọ, kẹ́ ẹ dá ẹgbẹ́ sílẹ̀, kẹ́ ẹ sì jọ gbèjà ohun tó kàn yín. Ẹ dá owó lọ́yà, ẹ gbé oúnjẹ lọ fún ọmọ tó wà lẹ́wọ̀n, ẹ tò lọ kóòtù ní méjìméjì: ẹ̀ṣẹ̀ ò sí níbẹ̀.

Àmọ́ àwọn àgbà yẹn ò ṣàdédé sọ̀rọ̀. Wọ́n ti rí ibi tí ẹni tó lọ gba béèlì ẹlòmíì ní tẹ́ṣàn ti di ẹni tí wọ́n ń wá béèlì fún. Abala 7 nínú òfin ìgbẹ́jọ́ ọ̀daràn ti 2015, èyí tí gbogbo èèyàn ń pè ní ACJA, kọ̀ ọ́ pátápátá pé kí wọ́n mú ẹnì kan dípò ẹlòmíì. Àwọn ìpínlẹ̀ wa ní ìwọ̀ oòrùn gúúsù náà sì ti ṣe irú òfin yẹn tiwọn. Tẹ́ṣàn ni wọ́n ti sábà máa ń tẹ̀ ẹ́ lójú. Nítorí náà, bí ọ̀rọ̀ bá tún gbé yín dé tẹ́ṣàn, kí ẹnì kan má dá lọ. Ẹ mú lọ́yà dání, ẹ kọ orúkọ ọlọ́pàá tó bá yín sọ̀rọ̀ àti aago tẹ́ ẹ débẹ̀ sílẹ̀. Ẹ má sì san kọ́bọ̀ fún béèlì tẹ́ṣàn. Ara ògiri wọn gan-an ni wọ́n kọ ọ́ sí pé ọ̀fẹ́ ni.

Ohun tó ká mi lára jù nínú ìwé yín ni ogójì tó di mẹ́ta. Ó lé ní ogún ọdún tí mo ti ń ṣiṣẹ́ yìí, ẹjọ́ ìwọ́de tí mo sì rí tó parí sí kí adájọ́ dá ẹnì kan lẹ́bi kò tó nǹkan. Èyí tó pọ̀ jù ń kú síbi ìsúnsíwájú ni. Lónìí, ọlọ́pàá tó ń rojọ́ ò wá. Lọ́sẹ̀ mẹ́ta sí i, fáìlì ò sí níbì kan. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹlẹ́rìí lọ sí kọ́ọ̀sì, wọ́n gbé adájọ́ kúrò, ẹjọ́ bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun. Ọmọ tí ẹ̀sùn rẹ̀ ò ju ẹ̀wọ̀n ọdún kan lọ á lo ọdún kan ààbọ̀ kí wọ́n tó gbọ́ ẹlẹ́rìí àkọ́kọ́. Kò sẹ́ni tó dá a lẹ́jọ́, ó sì ti jẹ ìyà tán. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń tẹ̀ lé e, ẹ ti pàdánù ọjọ́ ọjà márùn-ún, ẹ ti wọkọ̀ lẹ́ẹ̀mẹwàá. Ó yé mi bí ogójì ṣe di mẹ́ta. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí ìjókòó bá ṣófo ni adájọ́ tó ti rẹ̀ á máa rí ọmọ yẹn bí ẹni tí kò lẹ́nì kan. Ọlọ́pàá tó ń rojọ́ náà ń wo bẹ́ǹṣì. Mo ti rí i tí wọ́n sọ ọ́ sí mi létí pé, "Lọ́yà, ṣé àwọn èèyàn ẹ ò wá lónìí ni?"

Nítorí náà, ẹ má pe ogójì èèyàn mọ́. Ẹ pín ara yín. Bí ẹgbẹ́ yín bá tó ọgbọ̀n, èèyàn márùn-ún lọ́jọ́ ẹjọ́ kọ̀ọ̀kan ti tó, a jẹ́ pé kò ní kan ẹnì kan ju ẹ̀ẹ̀kan lọ nínú ìjókòó mẹ́fà. Kí ẹnì kan di ìwé mú: ọjọ́ wo, adájọ́ wo, ta ló wá, ta ni kò wá, kí nìdí tí wọ́n fi sún un, ọjọ́ wo ló kàn. Ìwé pélébé yẹn ni lọ́yà yín máa gbé jáde lọ́jọ́ tó bá fẹ́ sọ fún adájọ́ pé ẹ̀ẹ̀marùn-ún ni olùpẹ̀jọ́ ti já ilé ẹjọ́ kulẹ̀, kó sì bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n da ẹjọ́ náà nù. Mo ti fi irú ìwé bẹ́ẹ̀ jà ní kóòtù, mo sì ti borí. Ìyá ẹlẹ́ẹ̀kọ kan ló kọ ọ́, sínú ìwé tó fi ń ṣírò gbèsè àwọn oníbàárà rẹ̀. Orúkọ àwọn tó jẹ ẹ̀kọ àwìn wà níbẹ̀, orúkọ ọlọ́pàá tí kò wá náà wà lábẹ́ ẹ̀.

Ní ti ẹ̀sùn tí wọ́n kà sí wọn lọ́rùn, n kò ní fa ọ̀rọ̀ gùn. Ìwé òfin ìwà ọ̀daràn tí wọ́n ń lò ní gúúsù ní tí èèyàn mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ bá kóra jọ lọ́nà tí àwọn tó wà nítòsí fi ní ìdí gidi láti bẹ̀rù pé wọ́n máa da àlàáfíà rú, ìpéjọpọ̀ tí kò bófin mu nìyẹn, ẹ̀wọ̀n ọdún kan ló wà fún un. Tó bá di ìdàlúrú, ọdún mẹ́ta. Ìdí gidi yẹn ni olùpẹ̀jọ́ gbọ́dọ̀ fi ẹlẹ́rìí gbé kalẹ̀. Ariwo "ebi ń pa wá" ò tó. Tí wọ́n bá sì ní àwọn ọmọ ò gba ìwé àṣẹ, kí lọ́yà yín rán wọn létí pé Ilé Ẹjọ́ Kòtẹ́milọ́rùn ti dá ìyẹn nù ní 2007, nínú ẹjọ́ tó wà láàárín ọ̀gá ọlọ́pàá àti ẹgbẹ́ òṣèlú ANPP. Òfin ọlọ́pàá ti 2020 pàápàá, ní abala 83, sọ pé tí wọ́n bá ti fi ìwọ́de tó ọlọ́pàá létí, iṣẹ́ tiwọn ni láti pèsè ààbò.

Ẹ̀yin náà mọ ohun tó gbé àwọn ọmọ yìí jáde. Lẹ́yìn tí wọ́n yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní May 2023, àwọn tó ń ṣírò iye ọjà fún ìjọba fúnra wọn sọ ní June 2024 pé owó oúnjẹ fi ohun tó lé ní ìdá ogójì nínú ọgọ́rùn-ún ga ju ti ọdún tó ṣáájú lọ. Ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ míì wọ̀ ọ́. Ìwọ́de bẹ̀rẹ̀ ní August 1, wọ́n fẹ́ fi ọjọ́ mẹ́wàá ṣe é. Àjọ Amnesty International sọ lẹ́yìn náà pé ó kéré tán, èèyàn 24 ni ọlọ́pàá pa.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Àbújá lẹ́yìn ìyẹn ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ wò dáadáa. Ní September 2, 2024, wọ́n gbé èèyàn 10 lọ sílé ẹjọ́ gíga ìjọba àpapọ̀, wọ́n ní wọ́n ṣọ̀tẹ̀ sí ìjọba. Ẹ̀sùn ikú ni. Nígbà tí adájọ́ gba béèlì wọn lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, mílíọ̀nù mẹ́wàá náírà ló bù lé orí ẹnì kọ̀ọ̀kan, ó sì ní wọn ò gbọdọ̀ yọjú síbi ìwọ́de kankan mọ́. Owó oṣù tó kéré jù tí ààrẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ fọwọ́ sí ní July ọdún yẹn jẹ́ ₦70,000. Ẹ bá mi ṣírò ẹ̀: ẹni tó ń gba owó yẹn, tí kò jẹ, tí kò mu, tí kò san owó ilé, á fẹ́rẹ̀ẹ́ lo ọdún méjìlá kó tó kó mílíọ̀nù mẹ́wàá jọ. Ebi ló lé èèyàn jáde, wọ́n wá ní kó mú mílíọ̀nù wá kó tó lọ sílé.

Ní November 1, wọ́n tún kó àwọn 76 wá sílé ẹjọ́ yẹn kan náà. Èyí tó ju 25 lọ nínú wọn jẹ́ ọmọdé, àwọn kan ò ju ọmọ ọdún 14 lọ. Wọ́n ti wà látìmọ́lé láti August. Mẹ́rin dákú sínú kóòtù lójú gbogbo èèyàn. Síbẹ̀, mílíọ̀nù mẹ́wàá ni béèlì wọn náà. Fọ́nrán àwọn ọmọ tó ṣubú yẹn gba orí fóònù gbogbo ayé, àwọn lọ́yà figbe ta, àwọn ẹgbẹ́ ajàfẹ́tọ̀ọ́ figbe ta, àwọn ìyá figbe ta. Ní November 4, ààrẹ pàṣẹ pé kí wọ́n tú wọn sílẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, agbẹjọ́rò àgbà ìjọba àpapọ̀, Lateef Fagbemi, gba ẹjọ́ náà, wọ́n sì parí ẹ̀. Ọjọ́ mẹ́rin péré. Òfin tó wà ní November 5 náà ló wà ní November 1. Òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé ti wà láti 2003. Àwọn tó ń wò ló pọ̀ sí i.

Agbára tí agbẹjọ́rò àgbà yẹn lò, abala 174 ìwé òfin ilẹ̀ wa ló fún un. Ti ìpínlẹ̀ wà ní abala 211: kọmíṣọ́nnà fún ètò ìdájọ́ ní ìpínlẹ̀ yín lè gba ẹjọ́ lọ́wọ́ ọlọ́pàá, ó sì lè dá a dúró. Ẹ kọ lẹ́tà sí i. Kí lọ́yà bá yín wò ó, kó má ju ojú ìwé méjì lọ, kẹ́ ẹ fi àkọsílẹ̀ àwọn ọjọ́ ìsúnsíwájú tì í lẹ́yìn, kí ẹgbẹ́ aránṣọ, ìjọ pásítọ̀ yẹn, mọ́ṣáláṣí àdúgbò àti ẹgbẹ́ lánlọ́ọ̀dù fọwọ́ sí i. Ẹ gba ẹ̀dà tí wọ́n fi òǹtẹ̀ lù padà. Wọ́n lè má dá yín lóhùn nígbà àkọ́kọ́. Ẹ tún un kọ.

Ẹ jẹ́ ká wá sórí ọmọ tó wà lẹ́wọ̀n. Tirẹ̀ ló yẹ kẹ́ ẹ kọ́kọ́ mójú tó, ṣáájú lẹ́tà, ṣáájú ohunkóhun. Àwọn èèyàn ń sá fún ṣíṣe onídùúró nítorí wọ́n rò pé owó tí adájọ́ dá yẹn ni àwọn máa san. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Ẹ ò san nǹkan kan níwọ̀n ìgbà tí ọmọ náà bá ń wá sí kóòtù. Bó bá sá lọ ni wọ́n máa pè yín pé kẹ́ ẹ wá sọ ìdí tí owó yẹn ò fi ní di gbèsè yín. Nítorí náà, ìbéèrè tí ẹgbẹ́ ní láti bi ara rẹ̀ ò ju ẹyọ kan lọ: ṣé ọmọ yìí á máa wá? Ọ̀gá tó ń kọ́ ọ níṣẹ́ mọ̀ ọ́n. Ìyá rẹ̀ mọ̀ ọ́n. Bí ìdáhùn bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, kò sí ewu tó fi bẹ́ẹ̀ pọ̀ níbẹ̀. Kí ẹnì kan nínú ẹgbẹ́ máa lọ mú un nílé láàárọ̀ ọjọ́ ẹjọ́, ó tán.

Ẹ̀yin fúnra yín náà lè ṣe onídùúró. Mo ń tẹnu mọ́ ọn nítorí àwọn akọ̀wé kóòtù kan ṣì ń dá obìnrin padà, pé kó lọ mú ọkọ ẹ̀ wá. Abala 167 ACJA ló sọ ọ́ kedere: a ò gbọdọ̀ kọ onídùúró kìkì nítorí pé obìnrin ni. Bí wọ́n bá sọ bẹ́ẹ̀ sí yín, ẹ ní kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ kí wọ́n fọwọ́ sí i. Ẹ ó rí bí ohùn wọn á ṣe rọlẹ̀.

Bó bá jẹ́ pé onílé méjì ni kò sí, ẹ ní kí lọ́yà padà lọ bá adájọ́ fún àtúnṣe béèlì. Òfin ní béèlì ò gbọdọ̀ pọ̀ jù, ó sì gbọ́dọ̀ bá bí ẹjọ́ náà ṣe rí mu. Adájọ́ tó ní kí ọmọ iṣẹ́ aránṣọ mú onílé méjì wá lè gba ọ̀gá aránṣọ kan tó ní ṣọ́ọ̀bù àti ìwé owó orí, pẹ̀lú ìbátan kan. Tó bá kọ̀, ilé ẹjọ́ gíga wà. Ẹ má gbà fún àwọn tó ń dúró sẹ́nu géètì kóòtù pé àwọn á bá yín ṣe onídùúró ní owó báyìí báyìí. Ìwé ilé tí wọ́n ń gbé káàkiri yẹn, ilé kan náà ti dúró fún ogún ọ̀daràn. Lọ́jọ́ tí àṣírí bá tú, ọmọ yín ló máa padà sẹ́wọ̀n.

Ohun mìíràn wà tí n kò gbọdọ̀ gbójú fò. Bí ẹjọ́ bá ti pẹ́, ẹnì kan á wá fẹ̀sọ̀ sọ pé, "Ẹ jẹ́ kó gbà pé òun jẹ̀bi, kí wọ́n bu owó ìtanràn fún un, kó máa lọ sílé." Nígbà míì, lọ́yà tó ń rìn káàkiri kóòtù wá ẹjọ́ kéékèèké ló máa sọ ọ́, irú àwọn tí wọ́n ń pè ní charge-and-bail. Ó dùn gbọ́, pàápàá létí ìyá tí ọmọ rẹ̀ ti rù. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti gbà pé òun jẹ̀bi ti ní àkọsílẹ̀ ọ̀daràn. Tó bá fẹ́ wọ iṣẹ́ ìjọba, ó wà níbẹ̀. Tó bá fẹ́ gba físà, ó wà níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ sì ni ọlọ́pàá á fi ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ halẹ̀ mọ́ àwọn mẹ́ta tó kù. Ọmọ náà nìkan ló lẹ́tọ̀ọ́ láti pinnu, lẹ́yìn tí lọ́yà gidi bá ti ṣàlàyé fún un. Kì í ṣe ti ẹgbẹ́, kì í ṣe ti pásítọ̀, ẹ dákun ẹ má bínú. Ohun tí ẹgbẹ́ lè ṣe ni láti rí i pé ebi àti àárẹ̀ ọgbà ẹ̀wọ̀n kọ́ ló bá a pinnu.

Bí ẹ ò bá ní owó lọ́yà, ẹ lọ sí ọ́fíìsì Legal Aid Council ní olú ìlú ìpínlẹ̀ yín, tàbí kẹ́ ẹ bá ẹ̀ka ẹgbẹ́ agbẹjọ́rò, NBA, tó wà nítòsí sọ̀rọ̀; wọ́n ní àwọn tó ń gba ẹjọ́ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn láìgba owó. Ìlànà ìgbèjà ẹ̀tọ́ ti 2009 tún jẹ́ kí ẹgbẹ́ lè pẹjọ́ lórúkọ ẹlòmíì, bí ẹ bá rí i pé wọ́n ti ọmọ mọ́lé kọjá bó ṣe yẹ. Abala 35 ìwé òfin ilẹ̀ wa ní kí wọ́n gbé ẹni tí wọ́n mú dé kóòtù láàárín ọjọ́ kan, bí kóòtù ò bá jìnnà ju kìlómítà 40 lọ. Ẹ ṣírò iye ọjọ́ táwọn ọmọ yín lò ní tẹ́ṣàn kí wọ́n tó rí adájọ́. Ẹni tí wọ́n bá tì mọ́lé láìtọ́ ní owó gbà-má-bínú láti gbà, wọ́n sì gbọ́dọ̀ tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀.

Owó tẹ́ ẹ bá dá, kí orúkọ èèyàn mẹ́ta wà lórí àkáǹtì náà, kẹ́ ẹ máa ka iye tó wọlé àti iye tó jáde sókè ní ìpàdé. Mo ti rí ẹgbẹ́ tí ọlọ́pàá ò lè tú, tí ₦15,000 tú u ká.

Ní ti fóònù, ẹ ṣọ́ra gan-an. Bí a bá ń sunkún, à máa ríran. Ẹ má fi fọ́nrán ìwọ́de yẹn ránṣẹ́ mọ́: ojú ọmọ ẹlòmíì wà níbẹ̀ tí wọn ò tíì mú. Ẹ má sọ̀rọ̀ nípa ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ náà lórí WhatsApp ẹgbẹ́. Nǹkan tẹ́ ẹ bá kọ síbẹ̀ lè di ẹ̀rí, òfin ẹ̀rí ti 2011 gbà á wọlé. Ẹ má bá ẹlẹ́rìí kankan sọ̀rọ̀, kódà kó jẹ́ aládùúgbò tẹ́ ẹ jọ ń pọnmi. Ọ̀rọ̀ èébú sí adájọ́ lórí Facebook, ọmọ tó wà nínú àpótí olùjẹ́jọ́ ló ń jẹ ẹ́.

Inú mi máa ń dùn sí àwọn ìyá wa nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ní Abẹ́òkúta, nígbà tí àwọn obìnrin tí Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti kó sòdí ń bá Aláké jà nítorí owó orí, wọ́n ti àwọn kan nínú wọn mọ́lé. Ní December 1947, àwọn yòókù sùn síta ààfin, wọ́n ní àwọn ò ní lọ àfi tí wọ́n bá tú wọn sílẹ̀. Wọ́n tú wọn sílẹ̀. Nígbà tó fi máa di January 1949, Aláké Adémọ́lá ti kúrò lórí ìtẹ́. Àwọn Àgbẹ́kọ̀yà ò ní irú sùúrù yẹn ní tiwọn. Òkè mẹ́fà, ìyẹn ọgbọ̀n ṣílè, ni wọ́n ní àwọn á san fún owó orí, nígbà tó sì di September 1969, wọ́n ya wọ ọgbà ẹ̀wọ̀n Agodi n'Íbàdàn, wọ́n kó àwọn èèyàn wọn jáde. Ẹ jọ̀ọ́, ìtàn lásán ni mo ń sọ. Mi ò rán ẹgbẹ́ aránṣọ níṣẹ́ Agodi o.

Ní ti ìjókòó tó ń bọ̀: ẹ dé kóòtù kí aago mẹ́sàn-án tó lù. Kí àwọn márùn-ún tó máa lọ wọ aṣọ tó mọ́, láìsí ọ̀rọ̀ kankan lára ẹ̀, kí wọ́n pa fóònù. Ẹ jókòó sí bẹ́ǹṣì àkọ́kọ́ lẹ́yìn àwọn lọ́yà. Nígbà tí wọ́n bá mú ọmọ tó wà lẹ́wọ̀n wọlé, ẹ rọra dìde kó rí yín, kẹ́ ẹ tún jókòó. Ẹ gbé ìrẹsì àti omi dání, kẹ́ ẹ bẹ wọ́dà tó bá mú un wá kẹ́ ẹ tó fún un. Kí ẹni tó di ìwé mú kọ aago tí adájọ́ wọlé.